Àwọn Ohun tí Mo Fi Dán Ojú Mi Wò

Nígbà tí mo rò pé ojú mi ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo àwọn nǹkan tí mo fẹ́ràn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò ládùúgbò ṣe máa ń lọ kí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọ̀rọ̀ ẹnu mi tún dín kù sí i.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ìkòtún, yàrá tí mò ń sùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò ìwé ìrìnnà, fọ́tò ọmọ tuntun, fọ́tò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, fọ́tò ìjọ, gbogbo rẹ̀ ni mò ń yà. Kámẹ́rà kan péré ni mo ní, àti lẹ́ǹsì kan, ìyẹn awò gígùn tó máa ń wà níwájú kámẹ́rà. Àlòkù ni mo ra lẹ́ǹsì náà. Ara rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ó mọ ojú èèyàn í yà. Ó máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn rọ̀, kí ojú sì yọ síta bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ìgbà ọyẹ́ ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. Mo yọjú sínú kámẹ́rà láti ya ọkùnrin kan tó fẹ́ fi fọ́tò wáṣẹ́, mo rí kùrukùru funfun níwájú rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mo nu ojú mi. Mo nu ojú lẹ́ǹsì, ó ń dán. Mo tún yọjú. Kùrukùru náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní ọyẹ́ ni. Eruku wà níbi gbogbo lákòókò náà, lórí ewé, lórí tábìlì, nínú imú. Mo ya ọkùnrin náà, ó sì lọ.

Nígbà tí mo wo fọ́tò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó dà bíi pé wọ́n da omi ẹ̀kọ lé e. Mo fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe díẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. N kò mọ̀ bóyá fọ́tò ni kò mọ́, tàbí ojú tí mo fi ń wò ó.

Àwọn oníbàárà kò ráhùn. Ìyá ìjọ kan wà ní òdìkejì títì wa, ìjọ aláṣọ funfun. Àgbàlagbà ni, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, òun ni mo sì máa ń ya jù nínú ìjọ wọn. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Kò wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn tí wọ́n bá wọ aṣọ àdúrà.

"Bàbá onífọ́tò, ẹ wá wo nǹkan. Kí lẹ rí lókè orí mi níbí?"

Mo wò ó. Kùrukùru ni mo rí. Mo ní, "Èéfín tùràrí ni, màmá."

"Tùràrí kẹ̀! Ta ló tan tùràrí lọ́jọ́ yẹn? Ògo ni jàre! Ẹ tẹ òmíràn sí i fún mi, ńlá ni kí ẹ ṣe é. Màá fi han àwọn kan tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó ń jó lọ. Inú mi kò dùn.

Ọyẹ́ kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ mọ́. Kùrukùru inú kámẹ́rà kò lọ. Ó tún ń nípọn sí i ni. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa bàbá mi.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní Ọ̀yọ́. Kò tíì dàgbà tó mi báyìí nígbà tí awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé èéfín pọ̀ jù nínú ilé. Ìyá mi ní òun kò dáná. Lẹ́yìn náà, èmi ni mò ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi ni mò ń mú un lọ sílé oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè rí ilé ìwé lọ. Mo ti ń hu irùngbọ̀n kí n tó jókòó ti àwọn ọmọdé lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, bàbá mi fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, wọ́n gbé àga fún un síwájú ilé. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí.

Àga yẹn ni mò ń rí nígbàkígbà tí mo bá yọjú sí kámẹ́rà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti ìyàwó mi bí, obìnrin ni, Baruwa ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n wá gbé lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tó wá rí i pé mò ń gbé fóònù sún mọ́ imú kí n tó lè ka nǹkan, ọ̀rọ̀ náà di kíákíá. Kò tilẹ̀ mọ̀ nípa kùrukùru.

"Dádì, ẹ ò ríran mọ́, ẹ sì ń dá gbé. Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́?"

"Mo ń ríran."

"Ẹ ń ríran, ẹ wá gbé fóònù sórí imú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Yàrá ti wà nílẹ̀ o. Mo sì ti rí ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín. Obìnrin kan ni, ó ń ta irun. Ó ní tí oṣù yìí bá ti parí, òun ti ṣetán."

Mo ní kí ó fún mi láyè títí di ìparí oṣù. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má fi ìdákẹ́ dá òun lóhùn tí ọjọ́ bá pé. Ó mọ̀ mí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti lọ wo nǹkan nìyẹn.

Bútà ni mo kọ́kọ́ lọ wò, kẹ́tùlù oníke tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń tà á létí títì, ó máa ń so wọ́n pọ̀ kọ́ sókè bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pupa onílà funfun wà, àwọ̀ ewé onílà ìyeyè wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é mọ ohun tó ń ṣe: imú rẹ̀ gùn, omi kì í ya dànù, ọwọ́ rẹ̀ gba ìka dáadáa, tó bá sì bọ́ sílẹ̀ kì í fọ́. Mo ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí mo bá ń yà, kí àwọ̀ díẹ̀ lè wọ inú fọ́tò. Àwọn ọmọge máa ń bínú. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n rò pé wọ́n ń lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Mo dúró ní òdìkejì, mo fọwọ́ bo ojú òsì, nítorí ojú ọ̀tún ni mo fi ń yọjú sí kámẹ́rà. Mo ka àwọn ìlà ara bútà náà. Mo rí gbogbo wọn.

Ọkùnrin náà rí mi. "Bàbá, ẹ tún dé! Ṣé ẹ fẹ́ rà á lónìí ni, àbí ẹ kàn wá kí i?"

"Mo wá kí i."

"Ó ní kí n kí yín o. Ó ní ẹ wá mú òun lọ sílé jàre, oòrùn ń pa òun."

Mo ra ọ̀kan. N kò nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sí ọ̀nà Ẹgbẹ́dá láti lọ wo pátákó onígbàjámọ̀ kan. Àwọn onígbàjámọ̀ ìsinsìnyí ti ń lẹ bébà tí wọ́n tẹ ojú àwọn ará òkè òkun sí, gbogbo rẹ̀ jọra. Èyí tí mo wí yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Orí ọkùnrin ló kún inú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú gígé tirẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀. Etí òsì ọ̀kan nínú wọn ga ju tọ̀tún lọ. Mo máa ń rò pé ẹnì kan wà tó ní etí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, tí ayàwòrán náà mọ̀, tí kò sì fẹ́ parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, ara irú àwọn pátákó báyìí ni mo ti ń fi ìwé kíkà dánra wò, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, tí àwọn èèyàn á máa kọ lù mí lẹ́yìn.

Mo rí etí náà láti inú kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ dúró.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo yọjú sí kámẹ́rà, kùrukùru náà wà níbẹ̀, ó ń dúró dè mí. Mo ní bóyá bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ojú á kọ́kọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ń ṣe jù. Ti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ níbi abẹ́rẹ́. Mo fi fóònù ya nǹkan, ó mọ́, ṣùgbọ́n fóònù máa ń fi ọgbọ́n ara rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo nǹkan, n kò ka tirẹ̀ sí.

Ìyànà Ìpájà ni mo ti rí èyí tó wúlò jù. Àwọn tó ń kiri lábẹ́ afárá máa ń ta bébà fàdákà kan tí wọ́n fi ń bo gíláàsì iwájú mọ́tò kí oòrùn má baà jó ìjókòó. Ó ń kọ mànà, ó ṣeé ká bí ẹní. Mo ti ń wò ó tipẹ́. Lọ́jọ́ yẹn mo pe ọkùnrin tó gbé e.

"Dádì, mọ́tò wo lẹ fẹ́ fi bò? Ńlá wà, kékeré wà."

"N kò ní mọ́tò."

"Ah. Kí lẹ wá fẹ́ fi bò?"

"Ojú èèyàn ni mo fẹ́ fi tàn."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ta ìnujú. "Ṣé ìwọ gbọ́ nǹkan tí bàbá yìí sọ? Wọ́n ní ojú èèyàn làwọn fẹ́ tàn o!" Ẹnìkejì rẹ̀ ní kí ó tà á kíá kí n tó yí ọkàn padà.

Mo gbé e délé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí itan. Ìmọ́lẹ̀ gba ìsàlẹ̀ wá sí àgbọ̀n mi, òkùnkùn abẹ́ ojú mi lọ. Mo rí i nínú dígí ògiri. Àwọn onífọ́tò ńláńlá ní irú rẹ̀ tó ń wá láti òkè òkun, tó wà nínú àpò tirẹ̀. Tèmi kò yàtọ̀ sí tiwọn, àyàfi pé wọ́n kọ orúkọ ilé epo kan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti ìgbádùn, ẹyọ kan ni mo ní: bọ́ọ̀lù lórí rédíò, tí wọ́n ń fi Yorùbá sọ. N kì í wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin tó ń sọ ọ́ máa ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnì kan, bó ṣe rá pálá lórí koríko, bí agbábọ́ọ̀lù ṣe gbé ọwọ́ lé orí, èmi á sì ya gbogbo rẹ̀ sínú orí mi. Lọ́sẹ̀ yẹn mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ, ó dé bá mi lójijì pé bóyá irú ìran tó máa ṣẹ́ kù fún mi nìyí. Mo pa á. Ó ṣì ku díẹ̀ kí wọ́n parí eré. N kò mọ ẹni tó borí.

Àpótí ìyàwó mi náà wà lára ohun tí mo fẹ́ràn. Àpótí irin ni, wọ́n ya òdòdó sí i lára, pupa àti àwọ̀ búlúù, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ìyàwó gbé lọ sílé ọkọ láyé àtijọ́. Àwọn aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, ọ̀rinrin mú ògiri yàrá mi, báàgì kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ó ń yọ àmì dúdú dúdú. Mo wo inú ilé, àpótí yẹn nìkan ni nǹkan kò bu nínú rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì sí àárín àwọn aṣọ náà. Láti ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Bí ìyàwó mi ṣe máa ń kó káńfọ̀ síbẹ̀, àwọn kóro funfun tí kòkòrò kì í fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ni èmi náà ń ṣe. Tó bá tán, mo máa ń ra òmíràn, mo máa ń wé e sínú àkísà bó ṣe máa ń wé e, kí ó má baà yí mọ́ aṣọ. Ara mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ti pa ìdérí rẹ̀ dé.

Nígbà tí oṣù ku díẹ̀ kí ó parí, mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní ọ̀nà Ìgandò. Mo gbé kámẹ́rà dání. Mo fẹ́ fi ohun tí mò ń rí han dókítà, nítorí n kò mọ bí mo ṣe máa fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí mi. Páálí lẹ́tà wà lára ògiri.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ bo ojú òsì. Ẹ ka èyí fún mi."

Lẹ́tà ńlá ló wà lókè, wọ́n ń kéré bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dúdú, wọ́n dúró ṣinṣin, ẹsẹ̀ wọn nípọn, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lára wọn. Bí mo ṣe fẹ́ kí pátákó ṣọ́ọ̀bù mi rí nìyẹn láti ìgbà pípẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i."

"Ẹ kà á nígbà náà."

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mò ń wò. Ó dára."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o, bàbá yìí ní páálí wa dára! Dádì, a ò tà á o. Ẹ bá mi kà á jàre, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín."

Mo kà á. Mo máa ń rọra kàwé, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ ṣe máa ń ṣe, ó sì ń wò mí bíi pé àbá ni mò ń dá. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí èèrà. Ó ní kí n bo ojú kejì. Mo tún kà á.

Dókítà kò dàgbà púpọ̀. Ó tan iná sí ojú mi, ó ní kí n wo òkè, kí n wo ilẹ̀, kí n wo etí òun. Nígbà tó parí, ó pa iná náà.

"Bàbá, ojú yín mọ́. Awò ìkàwé nìkan lẹ nílò, bí gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà tó yín."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

Kò bínú. Ó tún un wò. Ó ní bákan náà ni.

"Kí wá ni mò ń rí?" Mo ṣí báàgì, mo yọ kámẹ́rà jáde láti fi hàn án.

Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́yìn wa fọwọ́ bo imú. "Ẹ̀ẹ́n! Kí ló ń rùn báyìí? Káńfọ̀ rèé! Bàbá, ṣé inú àpótí aṣọ lẹ ń sùn ni? Òórùn yàrá ìyá mi àgbà gan-an nìyí o."

Ojú tì mí. Èmi kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Gbogbo yàrá mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Dókítà gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Ó yọjú sínú rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ó dúró díẹ̀. "Bàbá, èmi náà ń rí kùrukùru."

Ó gbé e fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ó dà bí ìgbà tí wọ́n mí sára dígí. Ẹ̀yin ẹ kàn wá ń yọ ara yín lẹ́nu, kámẹ́rà yín ni kí ẹ gbé wá gba nọ́ńbà."

Mo jókòó. Àga dókítà ni mo jókòó lé, kì í ṣe ti aláìsàn, n kò mọ̀ àfi ìgbà tí mo rí i pé dókítà wà lórí ìdúró. Kò lé mi dìde. Ohun kan tó ti ń tẹ̀ mí láyà láti ìgbà ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo sì mí. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo fẹ́ omi. Mo ní rárá, mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo délé, mo yọ lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Iwájú tí mo máa ń nù mọ́. Inú ni nǹkan wà: ohun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo àwọn dígí inú lọ́hùn-ún, bí ìpara tí wọn kò fi ra ara dáadáa. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ṣí àpótí. Àwọn àkísà wà níbẹ̀ bí mo ṣe wé wọn, káńfọ̀ inú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Káńfọ̀ kì í ṣàn, kì í sì í fọ́. Ó kàn máa ń kéré sí i títí kò fi ní sí mọ́. Ọdún mélòó ni mo ti ń rà á, n kò bi ara mi léèrè rí ibi tó ń lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ. Nínú àpótí tí ìdérí rẹ̀ mú ṣinṣin bẹ́ẹ̀, ibo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà jáde? Ó ti bà lé dígí. Ìyàwó mi mọ ohun tó ń ṣe. Aṣọ ló fi pamọ́, òun kò fi kámẹ́rà pamọ́ síbẹ̀ rí.

Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo àpótí náà, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun.

Ọkùnrin kan ń tún kámẹ́rà ṣe ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìyànà Ìpájà. Ó tú lẹ́ǹsì náà níwájú mi.

"Bàbá, ta ló bu èlùbọ́ sínú eléyìí?"

"Káńfọ̀ ni."

"Káńfọ̀? Ṣé kòkòrò ń jẹ kámẹ́rà yín ni?"

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń nù ún. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀. Nígbà tó dì í padà, ó ní kí n yọjú síta. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ni obìnrin kan lórí afárá, ó gbé agbọ̀n búrẹ́dì lé orí. Mo rí ọ̀rá tó bo búrẹ́dì náà, bí oòrùn ṣe ń tàn lára rẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ dá ojú yín padà wálé o."

Mo nílò ibòmíràn tí kámẹ́rà máa sùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ní ìdérí ni mo wá rí. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Mo kó àwọn àpò bébà kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń fa omi. Ìyá kan tó ń ta bàtà ní Ìkòtún ló ń da wọ́n nù. Nígbà tí mo ní kí ó máa kó wọn fún mi, ó kó ẹ̀kún ọwọ́ kan.

"Bàbá, ẹ má jẹ ẹ́ o. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí èèyàn má jẹ ẹ́."

"N kò ní jẹ ẹ́."

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Ojú yín le jù."

Ìyá ìjọ wá ya fọ́tò lọ́sẹ̀ kan náà. Mo fi lẹ́ǹsì tí wọ́n ti nù yà á. Nígbà tó rí i, ó gbé e jìnnà sójú.

"Bàbá onífọ́tò, ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

"Èmi! Pẹ̀lú gbogbo ìlà wọ̀nyí? Ògo orí mi ńkọ́?"

"Ó ti lọ, mà."

"Ó lọ síbo? Ẹ bá mi dá a padà jàre!"

N kò lè sọ ọ̀rọ̀ káńfọ̀ fún un. Mo ní kí ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo tẹ́ bébà fàdákà ìyẹn sórí itan rẹ̀, mo tún un yà. Ìmọ́lẹ̀ wọ abẹ́ ojú rẹ̀, àwọn ìlà náà rọlẹ̀, ojú rẹ̀ hàn kedere síbẹ̀, irun funfun etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò ó, ó tún wò ó. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí jọ ọmọ bàbá mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù, mo lọ sí Baruwa. Ọmọ mi ti gbé ibùsùn tuntun sí yàrá náà, ó ti fi kọ́tìnì sí fèrèsé. Ó dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo rí kọ́tìnì. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jókòó tì mí, ó káwọ́.

"Ó yá, Dádì. Oṣù ti parí. Ẹ má dákẹ́ o."

"Mo lọ sílé ìwòsàn. Ojú mi mọ́. Awò ìkàwé ni wọ́n fún mi." Mo yọ awò náà, mo fi hàn án. "N kò ní lè kó wá."

"Ìgbà wo lẹ lọ? Ta ló sìn yín lọ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kùrukùru, bàbá mi, àpótí. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀. Ó nu ojú, ó wá pòṣé.

"Láti ìgbà ọyẹ́! Ẹ gbé e sínú láti ìgbà ọyẹ́! Dádì, ẹ̀yin yìí, tí iná bá ń jó yín lẹ́sẹ̀, ẹ ò ní pariwo."

"Màá máa sọ̀rọ̀."

"Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ máa wá jẹun níbí, ẹ máa sùn sí yàrá yìí tí òjò bá pọ̀, ẹ máa gbé fóònù yín tí mo bá pè. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe obìnrin tó ń ta irun, ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè máa gbọ́.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn, bàbá mi ò kó lọ mọ́."

"Ah! Ó mà ṣe o. Kí ló dé? Ara wọn kò yá ni?"

"Ara wọn ló yá, mà. Ìyẹn ló fà á."

"A dúpẹ́ o. Ó kàn dùn mí ni. Mo ti yan ọ̀dà tí mo fẹ́ fi kùn ún sílẹ̀. Píǹkì ni, kì í ṣe èyí tó ń pariwo o, èyí tó rọra pọ́n bí inú ìkarahun. Ibẹ̀ yẹn ṣókùnkùn jù, ẹ bá mi sọ fún bàbá."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ ẹ́, ó pa fóònù. Mo jẹun tán.

Mo ń ro ọ̀rọ̀ obìnrin náà bọ̀ lójú ọ̀nà. Eérú ni àwọ̀ ògiri mi láti ọjọ́ tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù náà. N kò wò ó rí bí ohun tó lè di nǹkan mìíràn. Píǹkì tó rọra pọ́n, lẹ́yìn awọ ara dúdú, tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bá tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe ń rò ó ni mò ń rí i.

Ọjọ́ Ajé ni mo ra ọ̀dà náà, mo kun ògiri kan. Nígbà tó gbẹ, obìnrin kan wá láti Ẹ̀gàn láti ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Mo sọ fún un pé funfun ni ìjọba ń fẹ́, kí ó bọ́ sí apá kejì, níbi tí mo ta aṣọ funfun sí. Kò bọ́ síbẹ̀. Ó dúró síwájú ògiri tuntun náà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní ìjọba á dúró díẹ̀, kí n kọ́kọ́ ya eléyìí.

Mo gbé kámẹ́rà, mo yọjú.